Kí A Tó Fi Ẹ̀yìn Wakọ̀ Wọlé

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, ohun tí ó ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà kì í ṣe títì márosẹ̀ bí kò ṣe fífi ẹ̀yìn gbé ọkọ̀ sí àyè. Nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní Ìbàdàn, ẹ̀rín àwọn tí ń wò mí ni mo ń bẹ̀rù. Bàbá tí ó kọ́ mi ní, “Ọmọ mi, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí o máa wò, má wo ẹni tí ń rẹ́rìn-ín.”

Ọgbọ́n rẹ̀ kò ṣòro. Bí ẹ bá yí síárìn sí ọ̀tún, ìdí ọkọ̀ yóò yà sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ yóò fì sí òsì. Nítorí náà, ẹ máa wo iwájú pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa wọ́ bí ìgbín. Bí kò bá gún, ẹ jáde, kí ẹ tún un ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé dígí kì í fi ọmọ tí ó lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ìyá rẹ̀ a máa sáré wá pàdé rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ sì fa àwọn ọmọ lé àgbàlagbà lọ́wọ́. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn wọlé báyìí lálẹ́, iwájú ni ẹ ó fi jáde láàárọ̀, nígbà tí gbogbo ilé ń kánjú.