Kí Èsì Tó Dé

Èsì náà ti dé, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo tètè sọ ọ́ nítorí n kò fẹ́ fi ohun tó dùn mí dán sùúrù òǹkàwé wò. Kókó lásán ni, irú èyí tí àwọn dókítà ń pè ní fibroadenoma, tó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀, tí kì í sì í pa ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni àkókò tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti yọ ẹran lára mi tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì lè sọ ohun tó jẹ́.

Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ kí ọmú má baà mọ ìrora, dókítà fi síkáànù wá ibi tí kókó náà wà, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n óò gbọ́ ìró kan. "Ẹ má mira o, Mà." Ìró náà dún pá, ó tún dún. Nígbà tí mo gbójú wò, mo rí ohun tí wọ́n yọ: ẹran funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gùn ju èékánná àtàǹpàkò lọ, nínú ìgò kékeré tí fọ́málìn wà. Nọ́ọ̀sì fi báírò kọ orúkọ mi sára ìgò náà, ó ní ṣé bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé wọn yóò pè mí.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ nígbà náà, n kò sì lè dá a padà. A kì í gé bùbá láìwọn àyà. Lójoojúmọ́ ni mò ń fi tépù yí àyà obìnrin ká, tí mò ń pe iye rẹ̀ fún ọmọṣẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì wá di ohun tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n sí. Bí wọ́n ti ń bá mi rojọ́ ọrùn aṣọ àti gígùn apá, mo ń rò ó lọ́kàn mi pé ta ló mọ̀ nínú wọn bóyá òun náà ní kókó lára. Àìmọ̀ kan náà ni gbogbo wa wà nínú rẹ̀. Tèmi nìkan ni wọ́n kọ orúkọ sí lára.

Síbẹ̀, àìmọ̀ náà kọ́ ló le jù, bí kò ṣe ìdáhùn tí àwọn ènìyàn ń kó wá bá mi. Àǹtí mi ní kò lè jẹ́ tèmi láéláé, pé irú rẹ̀ kò sí nídìílé wa. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú ni kò sí ẹni tó ní in rí nínú ẹbí wọn. Oníbàárà kan gbé àgbo wá, ó ní kí n má tún yọjú sọ́dọ̀ àwọn dókítà mọ́, pé abẹ ló ń bí àrùn náà nínú. Kò sí òótọ́ níbẹ̀. Àyẹ̀wò kì í sọ kókó di jẹjẹrẹ. Ẹlòmíràn ròyìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, ó ròyìn dórí ìsìnkú. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ̀rọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àtẹni tó ní kò sí nǹkan kan, àtẹni tó ti ń ṣàánú àwọn ọmọ mi, ohun kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi: ààyè láti sọ pé n kò tíì mọ̀.

Ọmọ oníbàárà mi kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn mìíràn, ló kọ́kọ́ fún mi ní ohun tí mo lè dì mú. Ó wá gba aṣọ ìyá rẹ̀, mo bi í pé kí ni wọ́n ń fi ẹran náà ṣe tó fi ń pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó, ó là á yé mi. Ẹran náà gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́málìn fún wákàtí 6 ó kéré tán, kó má baà jẹrà. Wọn yóò fa omi ara rẹ̀ gbẹ, wọn yóò rì í sínú ìda yíyọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Bí ìda bá ti dì, ẹ̀rọ yóò rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá to nǹkan bíi 250 lé ara wọn, wọn kò ní nípọn ju mílímítà kan lọ. Wọn yóò wá pa á láró, torí ẹran tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Ọ̀rọ̀ aró yìí gbà mí lọ́kàn. Inú igi kan tó ń hù ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rí i, òun kan náà sì ni àwọn aláró ilẹ̀ Yúróòpù fi ń pa aṣọ láró láyé àtijọ́. Ohun tí aró bá fi hàn ni dókítà yóò wò nínú máíkírósíkóòpù. Bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, iṣẹ́ kò tíì tán: wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ wá irú tó jẹ́, nítorí oògùn bíi tamoxifen wà fún èyí tí họ́móònù ń bọ́, kò ran òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́padé, tó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ará Chicago, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdí tí irú tó burú jù fi ń pọ̀ lára àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú.

Láti ọjọ́ náà, bí oorun bá dá lójú mi lóru, mo ní ibi tí ọkàn mi lè lọ. Ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe gbogbo ìdádúró ló jẹ́ ti iṣẹ́ ṣá o. Òmíràn jẹ́ ti iná tó lọ, òmíràn ti òṣìṣẹ́ tí kò tó, òmíràn ti ẹni tó gbàgbé láti pe aláìsàn lórí fóònù. Ìyẹn kò yẹ ká fara mọ́.

Mo tún rí ohun kan tó yí àdúrà mi padà. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti kọjá lára aṣọ, aṣọ ti gé, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà kò tíì rí i. Bẹ́ẹ̀ ni kókó mi ti jẹ́ ohun tó jẹ́ láti ìgbà tó ti wà lára mi; ìmọ̀ rẹ̀ ni kò tíì dé. Àwọn bàbá wa gbà pé ènìyàn ti yan ìpín kó tó wọ ayé, kò kàn rántí ohun tó yàn ni, síbẹ̀ wọn kò tìtorí ìyẹn ká ọwọ́ gbera. Mo yé bẹ̀bẹ̀ pé kí ohun tó ti wà má wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ojú tó mọ́ fún dókítà tó ń wò ó, etí tó lè gbọ́ ọ fún èmi, àti owó ìtọ́jú bó bá kan owó.

Ìyá mi wá láti Ọ̀yọ́. Kò mú ìdáhùn kankan dání. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́, èmi náà jókòó tì í, mò ń bá a bó o. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún ọ?" Mo sọ fún un. Ó ní, "A jọ máa lọ ni." A sì jọ lọ.

Ìdúró tèmi dùn mí, kò pa mí lára. Èyí tó ń pa obìnrin ni ìdúró tó máa ń ṣáájú àyẹ̀wò, nígbà tó ti fọwọ́ kan kókó, tó sì ń fi í pamọ́ títí àgbo yóò fi tán àti títí owó yóò fi dé. Jẹjẹrẹ ọmú ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń bá obìnrin jà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í dé ilé ìwòsàn títí yóò fi bọ́ sórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí kókó lára yín, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì yóò jáde, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹni tí ẹ óò pè. Bí ó bá jẹ́ aya yín, ìyá yín tàbí àbúrò yín ló ń retí èsì báyìí, ẹ má sọ èsì fún un ṣáájú dókítà. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, kí ẹ sì bá a lọ.