Ilé Àdúrà Tó Di Ilé Orin
Ilé tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1728, tí Thomas Archer fi ilé ìṣọ́ mẹ́rin dé ládé, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì Jòhánù Mímọ́ ní Smith Square nílùú Lọ́ńdọ̀nù, ni bọ́ǹbù ogun jó inú rẹ̀ di eérú lóṣù Karùn-ún ọdún 1941, tó fi jẹ́ pé fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ògiri lásán ló dúró síbẹ̀ tí òjò ń pa. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá dá ni, a tún un gùn ni: àwọn tí kò fẹ́ kí ó pa run tún un kọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n sì ṣí i ní 1969 gẹ́gẹ́ bí gbọ̀ngàn orin, níbi tí Joan Sutherland, olóhùn iyọ̀, ti kọrin ìṣíde. Ó bá a mu púpọ̀, nítorí àjà gíga tí a kọ́ kí ìwàásù àti orin ìyìn lè dé etí ẹni tó jókòó lẹ́yìn láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, òun náà ni fayolíìnì àti ohùn akọrin ń wá. Ẹ̀yin tí ilé ìsìn àtijọ́ tó ti dahoro wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú wó o. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn olórin àti àwọn ọ̀mọ̀lé wá yẹ̀ ẹ́ wò.