Ẹlẹ́gàn àti Ẹni Ẹ̀gàn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni mo fẹ́ bá yín sọ: “contemptuous” àti “contemptible”. Ìyá kan náà ni ó bí wọn, èyíinì ni ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí kí a gàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Èkíní ni ẹlẹ́gàn, ẹni tí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọnìkejì rẹ̀. Èkejì ni ẹni ẹ̀gàn, ẹni tí ó yẹ kí a gàn.

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ó máa ń yọ ṣùtì sí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ kan ní Marina fẹ́ gbà á ṣe akọ̀wé, wọ́n sì béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo yin ọgbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má ba à purọ́, mo fi kún un pé ìwà rẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ “contemptible”. Wọn kò gbà á.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ̀, tí ń ta ẹja gbígbẹ ní Ìta Fájì, wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ọmọ mi jí?”

Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ojú sì tì mí. Mo fẹ́ bá ẹlẹ́gàn wí, mo sì sọ ọ́ di ẹni ẹ̀gàn. Mo sáré gbé ìwé mìíràn lọ sí Marina, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga náà. Mo padà, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àti ọmọ lójú gbogbo kíláàsì.

Láti ìgbà náà, 2 Kọ́ríńtì 10:10 ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹnu Pọ́ọ̀lù jẹ́ “contemptible”. Ta ni ẹlẹ́gàn níbẹ̀? Àwọn tí ó sọ ọ́. Ta ni wọ́n sọ di ẹni ẹ̀gàn? Pọ́ọ̀lù, ẹni tí kò jẹ̀bi.

Èdè ìyá mi ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí n tó mọ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni n kò bi í léèrè. Kì í ṣe lásán ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1843, tí ó gbé èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹyin lọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń kọ ìwé nípa ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wo ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí tàdáwà tó gbẹ.