Ẹ̀rí Láti Ẹnu Senakéríbù

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, kí àwọn tí ń pe gbogbo ìtàn Bíbélì ní àlọ́ lásán tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí Senakéríbù, ọba Ásíríà, tí ó ṣígun lọ bá Hesekáyà ọba Júdà ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Kristi, fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Bíbélì ní 30 tálẹ́ńtì wúrà ni Hesekáyà fi ṣìpẹ̀. 30 náà ni Senakéríbù mú kí a kọ sára amọ̀ sísun. Ti fàdákà ni kò dọ́gba: Bíbélì ní 300, òun ní 800 (ọba wo ni kì í bu iyọ̀ sí ìkógun rẹ̀?). Kò mẹ́nu ba áńgẹ́lì tí Bíbélì ní ó pa 185,000 ọmọ-ogun rẹ̀, èyí tí èmi fi sílẹ̀ fún ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ àwòrán bí ó ti kó Lákíṣì, ìlú Júdà kan, sára ògiri ààfin rẹ̀ ní Nínéfè kò sọ níbì kankan pé òun wọ Jerúsálẹ́mù, olú-ìlú Hesekáyà.