Ta Ló Di Fìtílà Wa Mú?

Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní ohun tí ìwé ń pè ní énergie. Ọ̀rọ̀ tó ní ìwọ̀n ni, ó sì ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbà ilé wa ní Ketu, agbára ni mo máa ń pè é, ọ̀rọ̀ tiwa yìí sì gbòòrò ju ti ìwé lọ. Agbára ló ń tan iná. Agbára ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè. Agbára náà ni ọba fi ń ṣàkóso ìlú. Ẹni tí kò bá ní agbára tirẹ̀, ojú ẹlòmíràn ni yóò máa wò kó tó lè ṣe ohunkóhun. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti jọ́gíráfì, n kò sì tíì rí ẹ̀kọ́ tó fi ipò ilẹ̀ wa hàn tó èyí.

Ibo ni iná wa ti ń wá? Ní ọdún 1968, Togo àti Dahomey, bí a ti ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà, fọwọ́ sí àdéhùn tó bí CEB, ilé-iṣẹ́ tí yóò máa wá iná mànàmáná fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ghana ni a kọ́kọ́ ti ń rà á, láti ibi odi ńlá tó sé odò Volta ní Akosombo, èyí tí wọ́n parí ní 1965. Ní 1987, àwa àti Togo ní Nangbéto tiwa lórí odò Mono, ṣùgbọ́n mẹ́gáwáàtì 65 péré ni agbára rẹ̀. Nígbà tó yá, Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí ta iná fún wa. Omi ẹni ẹlẹ́ni àti kànga ẹni ẹlẹ́ni ló ń tan èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa.

Mo wà ní ilé-ìwé girama ní 1998 nígbà tí omi fà lẹ́yìn odi Akosombo. Ọ̀rọ̀ délestage di ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n pè. Àtùpà elépo ni àwa tí a ń múra ìdánwò BAC fi ń kàwé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èéfín dúdú ni a ó rí nínú imú ara wa. Ọdún yẹn kan náà ni kànga epo Sèmè dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, àwa náà ti ní epo rọ̀bì rí. Ní 1968 ni wọ́n rí i lábẹ́ òkun ní Sèmè. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún, nǹkan bí mílíọ̀nù 22 àgbá ló jáde níbẹ̀. A kò ní ilé-iṣẹ́ tó ń fọ epo, nítorí náà òkèèrè ni ó ń lọ. Nígbà tí epo tó ń jáde dínkù, tí iye owó rẹ̀ sì wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, wọ́n pa á tì. Àwọn àgbà sọ ọ́ pé ẹni tó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ogún ni epo rọ̀bì jẹ́: ẹni bá a ni, ẹni ná an ni, kò sì sí ẹni tó lè gbìn ín kó tún hù. Ní àìpẹ́ yìí, wọ́n ti padà sí Sèmè láti tún gbẹ́ kànga. Bí ó bá so èso, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n òpin rẹ̀ ń bọ̀ bí ti àkọ́kọ́.

Ẹ wo aládùúgbò wa. Ní nǹkan bí ọdún 2010, ó lé ní mílíọ̀nù méjì àgbá epo tí Nàìjíríà ń fà lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, kò pé mílíọ̀nù kan mọ́. Olè ń lu ọ̀pá epo, àwọn ọ̀pá náà ti gbó, owó tí ó yẹ kó lọ sórí kànga tuntun kò sì tó. Ó ti gòkè díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ní ti gáàsì, ó ṣì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ilé tiwọn pàápàá ṣókùnkùn lálẹ́, wọ́n sì nílò rẹ̀. Ọ̀pá kan tó gùn ní kìlómítà 678 ló ń gbé gáàsì náà gba inú òkun wá sí Kútọnu, sí Lomé, títí dé Ghana. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi kan fa ọ̀pá yìí ya nítòsí Lomé. Ó pẹ́ ní oṣù púpọ̀ kí gáàsì tó tún sàn. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ iná Maria-Gléta tuntun ní 2019, tó ní mẹ́gáwáàtì 127, inú wa dùn. Ilẹ̀ wa ni ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ ń ti òde wá.

Ní ti epo ọkọ̀, ta ni kò mọ kpayo? Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ pé epo tí ìyá rẹ̀ ń tà nínú ìgò ńláńlá létí títì ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà kéde pé òun kò ní í san owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́, owó kpayo sì fò sókè lọ́dọ̀ wa láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, iná sọ ní ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí ní Sèmè. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú. Nígbà tí a padà wọlé, ọmọ náà nawọ́ nínú kíláàsì, ó ní: “Misié, ẹ jọ̀wọ́, bí epo wọn bá tán, kí ni ìyá mi yóò máa tà?”

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Mo ní kí olúkúlùkù kọ ohun tó ń tan iná nílé wọn sílẹ̀. Àwọn tó ń gbé àárín ìlú kọ wáyà SBEE. Àwọn ọmọ abúlé, tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kọ àwo oòrùn kékeré tí bàbá wọn rà lọ́jà, tí wọ́n gbé sórí òrùlé. Mo sọ fún wọn pé nínú gbogbo wa, àwọn ọmọ abúlé wọ̀nyí nìkan ni kò ní í gbọ́ délestage láti Akosombo.

Ohun tí wọ́n ṣe ní kékeré, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ńlá. Ní 2022, wọ́n ṣí oko oòrùn mẹ́gáwáàtì 25 ní Illoulofin, ní agbègbè Pobè, láàárín àwọn ènìyàn wa. Togo ti ṣí tirẹ̀, mẹ́gáwáàtì 50, ní Blitta ní 2021. N kò sọ pé oòrùn tó tán. Ó ń wọ̀ lálẹ́, ìkùukùu ń bò ó lójò, bátìrì tó lè gbé e di ọ̀la sì wọ́n. A óò ṣì nílò gáàsì aládùúgbò fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ra iyọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò àti ẹni tó ń lọ jẹun nílé rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ketu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, àwo oòrùn tó bàjẹ́ lórí òrùlé, ta ni yóò tún un ṣe? Bí a bá ń retí òyìnbó tàbí ará Ṣáínà, a ti pààrọ̀ olówó nìkan ni, a kò tíì kúrò nínú gbèsè. Ẹ kọ́ iṣẹ́ iná, ẹ kọ́ iṣẹ́ bátìrì, kódà bí ìwé BAC bá wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá mọ ìtàn Àkàbà Ìdènà mọ̀ pé ìlú tí kì í ṣe òun ló ń ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀ kò lè sun oorun àsùnwọra.