Ta Nìyí?

Ọdún 1996 ni Quake jáde. Orí kọ̀ǹpútà bùrọ̀dá wa la ti kọ́kọ́ gbá a. Nígbà tá a dàgbà, a ní ká tún àwòrán tí wọ́n fi bo ara ọmọ ogun inú rẹ̀ ṣe, kí ojú ẹ̀ lè hàn kedere.

Àwọ̀ 256 péré ni géèmù yẹn ń lò. Òjìji abẹ́ àgbọ̀n àti ìmọ́lẹ̀ orí imú, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún mọ́ ojú náà. A ò tètè mọ̀. A kó àwòrán náà fún ẹ̀rọ AI. Ó sọ ọ́ di ńlá lóòótọ́, àmọ́ ó ń dán bí ike. A fi han bùrọ̀dá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Ó dùn wá o. A padà sídìí iṣẹ́. A fẹ ojúlówó àwòrán náà ní ìlọ́po mẹ́rin, a sì fọwọ́ kùn ún díẹ̀díẹ̀. Òjìji dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, a ò sì nu ìdọ̀tí ara aṣọ ẹ̀ kúrò. Oṣù méjì gbáko!

Nígbà tí bùrọ̀dá tún rí i, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fa àga, wọ́n ní ká gbé máòsì wá.