Ẹ Wo Irin Ilé Yín Dáadáa, Ẹ̀yin Ará Lẹ́kkí àti Àjáh!

Ẹni tó bá wọ dáńfó lábẹ́ bíríìjì Àjáh, tó ń lọ sí CMS, ojú rẹ̀ ò ní sinmi. Láti VGC dé Àgúngì, títí dé Jákàńdè, géètì ni, bàkónì ni, irin ni. Àwọn kan ti pẹ́ níbẹ̀: irin tí wẹ́dà fọwọ́ tẹ̀ bí òdòdó, bí ẹyẹ, bí orí kìnnìún, tí wọ́n kùn ní dúdú àti àwọ̀ góòlù. Owó gidi ni wọ́n ná lé e lórí nígbà náà o. Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ṣe ni wọ́n ń yọ wọ́n dànù. Páànù irin tí kọ̀ǹpútà gé ló lòde. Géètì àtijọ́ á bá ọmọlanke lọ, wọ́n á wọ̀n ọ́n ní kílò bí ẹran, ó di yíyọ́.

Ẹ ní kí ló kàn yín níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí mọ́tò náà gbé yín dé CMS ná, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Tinúbú.

Ibẹ̀ ni Ìlójò Báà wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà tí wọ́n fi ọ̀nà àwọn ará Brazil kọ́. Àwọn Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ní 1933, Alfred Ọmọlànà Ọláìyá rà á, bàbá Victor Ọláìyá olórin tí gbogbo wa jó sí orin rẹ̀. Ní 1956, ìjọba kéde pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. 1956 o! Síbẹ̀, lọ́jọ́ Sunday, 11 September 2016, katapílà wọlé, ó wó o palẹ̀. Òfin tó dáàbò bo irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1979. Ó jọ pé òfin náà ò tí ì jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Kí ló wá ṣẹ́kù? Fọ́tò ni. Pierre Verger, ará Faransé, ya ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà. Àwọn fọ́tò náà ló wà nínú ìwé tí Marianno Carneiro da Cunha kọ, tó jáde ní 1985. Ilé Ìlójò tó ní ìwé ìjọba, ẹ rí bó ṣe parí. Géètì Àjáh tí ò ní ìwé kankan ńkọ́?

Ọ̀tá irin ní Lẹ́kkí kì í ṣe katapílà nìkan. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ń jẹ ẹ́, pàápàá nísàlẹ̀, níbi tómi òjò ń dúró sí. Kẹ́ ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà náà, kẹ́ ẹ kun ọ̀dà pupa táwọn wẹ́dà máa ń kọ́kọ́ kùn, kó tó kan èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Tẹ́ ẹ bá kun ọ̀dà lórí ìpẹtà, ẹ kàn da aṣọ bo egbò ni.

Fóònù sì wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ dúró síwájú irin náà gan-an kẹ́ ẹ yà á, ẹ ya ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, ẹ fi téèpù wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ àdúgbò, ọdún, àti orúkọ wẹ́dà tó ṣe é sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà láàyè, wọ́n á sọ fún yín. Tí onílé bá sì takú pé òun á yọ ọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tú u lódindi, kó má jẹ́ kí wọ́n gé e.